Iṣẹ́ Ni Ó Ń Tú Ahọ́n Sílẹ̀: Bí Ọmọ Ilé-Ìwé Ṣe Lè Sọ Èdè Àjèjì Ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta jẹ́ ojúkò àdìrẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn kọjá ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn oníṣòwò ń wá ra aṣọ níbẹ̀ láti Èkó, láti Ìbàdàn, àti láti òdìkejì ààlà pẹ̀lú. Bí oníbàárà tí kò gbọ́ ju Faransé lọ bá dúró níwájú ìsọ̀, tí ó sì béèrè iye tí wọ́n ń ta aṣọ, ìyá aláṣọ a wo ojú ọmọ rẹ̀ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ náà ti kọ́ èdè Faransé fún ọdún mẹ́ta. Ó mọ bí a ti ń to ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́sẹẹsẹ sórí ìwé, ó sì ti gba máàkì tí ó dára nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n lójú ọjà, ahọ́n rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ìka ọwọ́ ni ìyá àti oníbàárà yóò fi ná ọjà náà tán, ọmọ tí ó kọ́ èdè yóò sì dúró bí ẹni tí kò kọ́ ọ rí.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olódo. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó mọ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń kọ èdè náà sílẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Wọn kò fún un ní iṣẹ́ kankan tí yóò fi ẹnu rẹ̀ ṣe, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ iṣẹ́. Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùkọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń lò láti wo àìsàn yìí, èyí ni kíkọ́ èdè nípa iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Ó yẹ kí òbí, olùkọ́ àti àwọn àgbà ìlú mọ ohun tí ọ̀nà náà jẹ́, nítorí pé kò ná owó púpọ̀, ìlú gbogbo sì ní ipa láti kó nínú rẹ̀.

Ìdí Tí Èdè Faransé Fi Kan Ará Ẹ̀gbá

Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé 1976, tí Abẹ́òkúta sì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, bá ilẹ̀ Benin pààlà. Ìdí-Ìrókò ni ẹnu ibodè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Lóòótọ́, ọmọ Yorùbá wà ní ìhà méjèèjì ààlà náà. Ará Kétu àti ará Ṣábẹ̀ gbọ́ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ará Àjàṣẹ́ sì gbọ́ ọ pẹ̀lú, oníṣòwò Ẹ̀gbá kì yóò sì ṣe wàhálà kí ó tó bá wọn ná ọjà. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé aṣọ́bodè ní ilẹ̀ Benin. Òun náà ni ti ìwé àdéhùn àti ti lẹ́tà ilé ìfowópamọ́. Ẹni tí ó bá kọjá lọ sí Kútọnu, sí Lomé tàbí sí Àbíjàn yóò rí i pé ẹni tí kò gbọ́ Faransé ní láti wá ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ bá sì sọ ni yóò gbà, ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ irọ́.

Ní ọdún 1975 ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àjọ ECOWAS ní ìlú Èkó, kí òwò lè rọrùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àdéhùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1979 ṣí ọ̀nà fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láti wọ òmíràn láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún 90 ọjọ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 1996, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé èdè Faransé yóò di èdè ìjọba kejì. Ìwé Ìlànà Ẹ̀kọ́ tí a tún ṣe ní 1998 sì fi hàn pé ó dára kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà lè sọ ọ́. Ìlànà náà pọ̀ ju iye olùkọ́ tí ó wà lọ, a kò sì lè sọ pé ó ṣẹ bí wọ́n ti kọ ọ́. Síbẹ̀, ọ̀nà ọjà ṣí sílẹ̀, èdè sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ohun Tí Ó Ń Di Ahọ́n Mú

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń di ahọ́n ọmọ mú nínú kíláàsì èdè àjèjì.

Èkínní ni àìtó àkókò. Kí a sọ pé ọmọ 50 wà nínú kíláàsì kan, tí ẹ̀kọ́ náà sì jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Bí olùkọ́ kò bá tilẹ̀ la ẹnu rẹ̀ rárá, tí àwọn ọmọ sì ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsinmi, ìṣẹ́jú-àáyá 48 péré ni yóò kan ọmọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ni ó máa ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Ọmọ lè lọ sí ilé-ìwé fún odindi ọ̀sẹ̀ láìsọ gbólóhùn Faransé kan tí ó ti ọkàn rẹ̀ wá.

Èkejì ni pé èdè náà kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Olùkọ́ yóò béèrè pé, “Kí ni èyí?” yóò sì na ìwé sókè. Gbogbo kíláàsì ni ó mọ̀ pé ìwé ni. Olùkọ́ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn náà kò sọ ohun tuntun fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ènìyàn kì í fi tọkàntọkàn sọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù ẹ̀rín. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín, yóò pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé a máa jẹ ọmọ níyà tàbí kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e nítorí pé ó sọ èdè abínibí rẹ̀. Wọ́n rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé dídákẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ.

Ọ̀nà Àtijọ́ Tí Ó Tún Di Tuntun

Ní ọdún 1918, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Heard Kilpatrick, olùkọ́ ní New York, kọ ìwé kan lórí kíkọ́ ọmọ nípa iṣẹ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ fi gbogbo ọkàn ṣe. Ó gba ọ̀pọ̀ nínú èrò rẹ̀ lọ́dọ̀ John Dewey, ẹni tí ó ti ń wí tipẹ́ pé nípa ṣíṣe ni ọmọ fi ń mọ nǹkan. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà yìí ti ń tàn kálẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí kò le: àwọn ọmọ yóò mú iṣẹ́ kan tí ó ní ìtumọ̀ lójú wọn, wọn yóò jọ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan, ohun kan tí ènìyàn lè rí tàbí gbọ́ yóò sì ti inú rẹ̀ jáde, tí wọn yóò fi han àwọn tí kò sí nínú kíláàsì. Bí ó bá jẹ́ kíláàsì èdè ni, èdè tí wọ́n ń kọ́ ni irinṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí ará Abẹ́òkúta. Aláró kò kọ́kọ́ kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé nípa aró. Ìdí ìkòkò ni ó mú un lọ. Ẹni tí kò bá wọ odò kì í mọ odò wẹ̀.

Nínú ìtàn ìwé kíkọ ní ìlú náà pẹ̀lú, àpẹẹrẹ wà. Ní ọdún 1854, òjíṣẹ́ Ọlọ́run Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ní ọdún 1859, láti inú iṣẹ́ náà ni “Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá” ti jáde. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè máa to ohun tí kò yé e. Bí ó bá ṣi lẹ́tà kan tò, gbogbo ìlú ni yóò rí àṣìṣe náà, nítorí pé òǹkàwé gidi ń dúró de ìwé náà. Ìwé ìròhìn yìí wà títí di 1867, nígbà tí ìjà Ifọ́lé mú kí àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní ìlú.

Lẹ́yìn náà, ní àárín àwọn ọdún 1940, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Abẹ́òkúta ní ìwé kíkà. Ẹ̀kọ́ náà kò dúró lórí a, b, d. Ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ owó-orí tí ó ń ni àwọn ìyá náà lára wọ inú ìpàdé wọn, nígbà tí ó sì di 1946, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ti dìde. Àwọn àgbàlagbà tí iṣẹ́ oòjọ́ ti mú rẹ̀ wọ́n tún ń jókòó kọ́ ìwé ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Bí ẹ̀kọ́ bá ní iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe, àárẹ̀ kì í tètè mú akẹ́kọ̀ọ́.

Abúlé Èdè Ní Àgbádárìgì

Ní ti èdè Faransé, àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù lọ ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni Abúlé Èdè Faransé ti Nàìjíríà tí ó wà ní Àjàrá, ní Àgbádárìgì, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1991. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọmọ yunifásítì tí ń kọ́ Faransé a máa lọ gbé ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí wọ́n ti ń sọ ọ́, kí èdè náà lè wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí owó Nàìjíríà wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ìnáwó ìrìn àjò náà di ẹrù tí ó wúwo. Nítorí náà ni wọ́n fi kọ́ abúlé kan sí ìtòsí ààlà, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbé, tí yóò máa jẹun, tí yóò máa ṣeré, tí yóò sì máa fi Faransé ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú abúlé náà ni pé kì í ṣe òkun ni ènìyàn ní láti là kọjá kí ó tó lè sọ èdè. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ibi tí èdè náà ti wúlò. Bí a bá lè fi odindi abúlé ṣe é fún àwọn ọmọ yunifásítì, ilé-ìwé gíramà ní Aṣẹ̀rò tàbí ní Kémta lè ṣe kékeré rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Àpẹẹrẹ Iṣẹ́ Kan: Aṣọ Àdìrẹ

Àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀lé e yìí bá ilẹ̀ Ẹ̀gbá mu. Olùkọ́ lè yí i padà bí ó bá ti wù ú: ará Ọ̀wọ̀dé lè lo ìrẹsì ọ̀fàdà, ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ wà nítòsí Òkè Olúmọ sì lè lo ìtàn bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe tẹ̀dó sábẹ́ àpáta náà ní 1830.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Olùkọ́ yóò gbé ìbéèrè kan kalẹ̀: “Bí àlejò kan bá ti Kútọnu dé, tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni a ṣe lè sọ fún un bí a ti ń ṣe àdìrẹ?” Yóò pín ọmọ 50 sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá, márùn-ún nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ kan yóò mú àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n ń fi ìko dì. Òmíràn yóò mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà sí pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Àwọn mìíràn yóò mú ewé ẹlú àti ìkòkò aró, orúkọ àwọn ọnà, iye owó àti bí a ti ń ná an, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni kan yóò jẹ́ agbẹnusọ, ẹni kan akọ̀wé, ẹni kan olùbéèrè, ẹni kan aṣọ́nà-àkókò, ẹni karùn-ún yóò sì máa wá ọ̀rọ̀ tí ó sọnù nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ipò wọ̀nyí gbọ́dọ̀ yí padà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ipò akọ̀wé ṣe ibi ìsápamọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn ọmọ yóò lọ sọ́dọ̀ aláró, tàbí kí wọ́n pe aláró wá sí ilé-ìwé. Yorùbá ni wọn yóò fi bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ. Kò sí ohun ìtìjú nínú èyí. Èdè abínibí ni wọn yóò fi kó ìmọ̀ jọ, èdè àjèjì ni wọn yóò fi gbé e jáde. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ wọn dáadáa níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ aláró òde òní ń lo ọṣẹ sódà tí ó le, tí ó lè jó ọmọ lára. Kí wọ́n fi ojú wò ó. Kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ kẹta. Nísinsìnyí ni Faransé wọlé. Ìgbésẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ sọ, nítorí náà wọ́n nílò ọ̀rọ̀ tí ó ń to ìgbésẹ̀: “d'abord”, èyí ni lákọ̀ọ́kọ́, “ensuite”, lẹ́yìn náà, “enfin”, níkẹyìn. Wọ́n nílò “le tissu” fún aṣọ, “la teinture” fún aró, “la plume” fún ìyẹ́. Wọ́n fẹ́ sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n ṣe, ibẹ̀ ni gírámà yóò ti wúlò: “Nous avons visité le marché”, èyí ni pé, a ṣe àbẹ̀wò sí ọjà. Ọmọ tí ó ti ń ṣe àkọ́sórí irú gbólóhùn yìí tẹ́lẹ̀ láìmọ ìwúlò rẹ̀ yóò béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kò lè jáde láìsí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ìdánrawò ni. Ọ̀wọ́ kan yóò sọ ti rẹ̀ fún ọ̀wọ́ kejì, ọ̀wọ́ kejì yóò sì béèrè ìbéèrè. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò ka ìwé. Àwòrán lórí páálí ni wọn yóò gbé dání, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bí márùn-ún péré lára rẹ̀. Gbogbo ọmọ ni yóò mọ gbólóhùn ìgbàlà méjì yìí: “Je ne comprends pas”, kò yé mi, àti “Pouvez-vous répéter, s'il vous plaît?”, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè tún un sọ? Ẹni tí ó bá ní gbólóhùn wọ̀nyí lẹ́nu kò ní sá fún àlejò, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ rú u lójú, ó mọ ohun tí yóò sọ.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ọjọ́ ìfihàn dé. Wọn yóò ta aṣọ sórí okùn ní ọgbà ilé-ìwé, wọn yóò sì pe àlejò. Ta ni kí wọ́n pè? Ní Abẹ́òkúta àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọmọ Benin àti ọmọ Togo wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ aránṣọ àti iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kọ́ Faransé ní ilé-ìwé wọn. Ọmọ Ẹ̀gbá a máa kọjá lára wọn lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ìwé alààyè ni wọ́n. Bí a bá fi ọ̀wọ̀ pe irú bíríkìlà bẹ́ẹ̀ wá sí ilé-ìwé, tí a sì fún un ní àga àlejò pàtàkì, ọmọ yóò ní ẹni tí ó nílò ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà bá béèrè pé “C'est combien?”, tí ọmọbìnrin kan sì dá a lóhùn, tí ọkùnrin náà sì mi orí pé ó yé òun, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà ju máàkì lọ. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ń dé ibi tí òun rán an.

Ohun Tí Ahọ́n Ọmọ Yorùbá Ti Ní

Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọmọ rò pé ọwọ́ òfo ni òun gbé wá. Faransé ní ìró fáwẹ́lì tí ó ń gba imú jáde, irú èyí tí ó wà nínú “bon”. Ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jìjàkadì pẹ̀lú ìró yìí, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ti ń pe “ibọn” àti “ọ̀pọ̀n” láti kékeré. Faransé ní “tu” fún ẹgbẹ́ ẹni àti “vous” fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ọmọ tí kò lè sọ “o” sí ìyá rẹ̀ àgbà kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí.

Àwọn ìró kan wà tí ó le. Yorùbá kò ní “v”, kò sì ní “z”. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń sọ “v” di “f”. Ìró “u” inú “tu” náà kì í ṣe “u” ti Yorùbá. Kí ọmọ gbé ahọ́n sí ibi tí ó ti ń pe “i”, kí ó sì ká ètè jọ bí ẹni tí ó fẹ́ súfèé. Ìró náà yóò jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí irú nǹkan báyìí nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ lò nínú iṣẹ́ wọn ni.

Ìṣòro Àti Àtúnṣe

Ọ̀nà yìí kò ṣàìní ẹ̀gún tirẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni, kíláàsì tí ẹnu mẹ́wàá ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò lè dákẹ́ bí ilé òkú. Ṣùgbọ́n ariwo tí ó wà lórí iṣẹ́ yàtọ̀ sí ariwo eré, olùkọ́ tí ó ń rìn láàárín ọ̀wọ́ yóò sì tètè mọ ìyàtọ̀ náà.

Àwọn ọmọ yóò máa padà sínú Yorùbá. Ìyà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Kí olùkọ́ àti àwọn ọmọ jọ fi ẹnu kò lórí apá tí yóò jẹ́ Yorùbá, bíi pípín iṣẹ́ àti wíwá ìmọ̀, àti apá tí yóò jẹ́ Faransé, bíi ìdánrawò àti ìfihàn.

Ọmọ tí ó láyà yóò fẹ́ gba gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu. Kí a ṣe é lófin pé kò sí ọmọ tí kò ní sọ, ó kéré tán, gbólóhùn mẹ́ta ní ọjọ́ ìfihàn. Kí a sì kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé pélébé, kí àlejò máa mú un láti mọ ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè.

Ní ti àṣìṣe, kí olùkọ́ má ṣe já lu ọ̀rọ̀ ọmọ. Kí ó kọ àṣìṣe náà sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí, kí ó tún un ṣe fún gbogbo kíláàsì láìdárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ ni ohun kan ṣoṣo tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbà rárá.

Olùkọ́ tí Faransé òun fúnra rẹ̀ kò dá ṣáká kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ sá. Ó lè fi fóònù alágbèéká gba ohùn ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa sílẹ̀, kí àwọn ọmọ máa tẹ́tí sí i. Bí olùkọ́ bá sọ níwájú kíláàsì pé, “Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a jọ wá a,” iyì rẹ̀ kò dínkù. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìdánwò pẹ̀lú kò gbọdọ̀ di àwáwí. Sísọ èdè náà lẹ́nu jẹ́ apá kan nínú ìdánwò Faransé ti WAEC, ọmọ tí ó bá sì ti bá àlejò sọ̀rọ̀ ní ọgbà ilé-ìwé yóò jókòó níwájú olùdánwò láìgbọ̀n. Ní ti máàkì iṣẹ́ náà, olùkọ́ lè pín 20 sí ọ̀nà mẹ́rin: márùn-ún fún bí ọ̀rọ̀ ti yé olùgbọ́ sí, márùn-ún fún bí ìtàn ti tò lẹ́sẹẹsẹ, márùn-ún fún ìdáhùn sí ìbéèrè, àti márùn-ún fún ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ ṣe fún ọ̀wọ́ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ mọ ìpín yìí láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ipa Òbí Àti Ìlú

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olùkọ́ nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Aláró tí ó bá yọ̀ǹda wákàtí kan fún àwọn ọmọ, aránṣọ ọmọ Benin tí ó bá gbà láti jókòó gbọ́ wọn, ìyá tí ó bá jẹ́ kí ọmọ òun dá oníbàárà lóhùn ní ìsọ̀ láìpariwo mọ́ ọn bí ó bá ṣì í sọ, olùkọ́ èdè ni gbogbo wọn. Òbí tí kò gbọ́ Faransé rárá náà ní ipa. Kí ó sọ fún ọmọ ní alẹ́ pé, “Sọ fún mi ní Yorùbá ohun tí o fẹ́ sọ fún àlejò lọ́la.” Ọmọ tí ìtàn bá ti tò nínú rẹ̀ ní èdè abínibí ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Kì í ṣe ojúmọ́ kan ni èdè fi ń wọ ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá bá lè ṣe irú iṣẹ́ kan báyìí ní sáà kan, ọmọ tí ó bá lo ọdún mẹ́ta yóò ti dúró níwájú àlejò nígbà mẹ́sàn-án kí ó tó kúrò ní ipele kékeré. Nígbà tí oníbàárà láti òdìkejì ààlà bá tún dúró níwájú ìsọ̀ ní Ìtòkú, tí ìyá sì wo ojú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà yóò mọ ohun tí yóò sọ.

Ìbéèrè Fún Ìjíròrò Ní Ilé Ìkàwé

1. Èdè àjèjì wo ni ó wúlò jù fún iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú yìí ń ṣe, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Ta ni ó wà ní ìlú yìí tí ó gbọ́ èdè náà, tí ilé-ìwé lè pè?

3. Iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìtàn wo ní ìlú yìí ni àwọn ọmọ lè fi ṣe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe?

4. Báwo ni àwọn òbí ṣe lè mú ìbẹ̀rù ẹ̀rín kúrò lọ́kàn ọmọ tí ó ń kọ́ èdè?